Òtítọ́ àti Kọ́bọ̀: Ìwé Ìròyìn Ọ̀fẹ́ àti Ìbojúwẹ̀yìn Òpin Ọdún

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Nígbà tí ọdún bá ń lọ sí òpin, ìwà àgbà ni ó yẹ kí gbogbo wa hù: kí a bojú wẹ̀yìn, kí a mọ ohun tí ó gbé wa ṣubú àti ohun tí ó gbé wa ró. Ọ̀kan nínú àwọn ohun tí a lè fi ṣe èyí ni ìwé ìròyìn, pàápàá àwọn kéékèèké tí a ń pín lọ́fẹ̀ẹ́ ní àdúgbò, ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní mọ́ṣáláṣí àti ní ilé-ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí a kò san owó fún kì í pẹ́ tí ó fi ń di bébà tí a fi ń pọ́n àkàrà. Ìbéèrè tí ó wà níwájú wa ni èyí: ǹjẹ́ iye tí a ń ta ìwé ìròyìn ni a fi ń mọ bí òtítọ́ inú rẹ̀ ti níye lórí tó?

Ẹnikẹ́ni lè yà á lẹ́nu pé Zaria ni a ó ti bẹ̀rẹ̀ sí wá ìdáhùn. Ìdí rẹ̀ ni pé ní ìlú náà ni a ti fi ọ̀rọ̀ yìí gan-an sọ ìwé ìròyìn kan lórúkọ.

Ní ìta odi ìlú Zaria, ní Ìpínlẹ̀ Kaduna, ni Wusasa wà. Ní ọdún 1905 ni Dókítà Walter Miller ti ẹgbẹ́ ajíhìnrere C.M.S. dé Zaria, inú odi ìlú ni ó sì ti kọ́kọ́ ń ṣiṣẹ́. Ní 1929 ni iṣẹ́ náà kó jáde lọ sí Wusasa. Ibẹ̀ ni wọ́n ti fi amọ̀ kọ́ ilé ìjọsìn St Bartholomew ní ìlànà ilé kíkọ́ àwọn Hausa. Ilé-ẹ̀kọ́ àti ilé ìwòsàn sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ní ibẹ̀ ni Yakubu Gowon, tí ó di olórí ìjọba Nàìjíríà láti 1966 sí 1975, gbé dàgbà. Ibi tí ilé-ẹ̀kọ́ bá fìdí múlẹ̀ sí, àwọn ènìyàn ibẹ̀ yóò máa wá ohun tí wọn yóò kà, àwọn kan nínú wọn yóò sì di òǹkọ̀wé. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí ní Wusasa. Nígbà tí Rupert East, òyìnbó tí ìjọba fi ṣe olórí ọ́fíìsì ìwé èdè ìbílẹ̀, ṣe ìdíje ìtàn kíkọ ní 1933, lára àwọn ìwé tí ó ti inú rẹ̀ jáde ni Jiki Magayi, èyí tí John Tafida, ọmọ Wusasa, àti East jọ kọ. Nínú ìdíje yìí kan náà ni Ruwan Bagaja ti Abubakar Imam àti Shaihu Umar ti Abubakar Tafawa Balewa ti jáde.

Abubakar Imam yìí ni a fi ṣe olóòtú ìwé ìròyìn Hausa tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Zaria ní ọjọ́ kìíní oṣù January, 1939, èyíinì ni ọjọ́ tí ọdún ògbólógbòó kò tíì kúrò lọ́kàn ènìyàn. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ni Gaskiya Ta Fi Kwabo, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni pé òtítọ́ níye lórí ju kọ́bọ̀ lọ. Kwabo àwọn Hausa àti kọ́bọ̀ tiwa, ọmọ ìyá ni wọ́n. Láti inú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó dúró fún bàbà ni àwọn méjèèjì ti wá. Nígbà tí Nàìjíríà pa owó rẹ̀ dà ní ọjọ́ kìíní oṣù January, 1973, ọ̀rọ̀ yìí kan náà ni a fi sọ ẹyọ owó ilẹ̀ wa lórúkọ.

Ẹ jẹ́ kí a fi orúkọ náà wé òwe tiwa. Yorùbá ní òtítọ́ dé ọjà, ó kù tà. Owó lọ́wọ́ ni a ń ra èké. Ohun tí Hausa fi yangàn, ni Yorùbá fi dárò. Ọ̀kan sọ iye tí òtítọ́ tó, èkejì sọ ohun tí ojú òtítọ́ ń rí lọ́jà. Àwọn méjèèjì ni ó sì bá ìtàn ìwé ìròyìn mu.

Nítorí pé, bí òǹkàwé kò tilẹ̀ san ju kọ́bọ̀ lọ, tàbí tí kò san ohunkóhun rárá, ẹnìkan ní láti sanwó bébà, tàdáwà àti iṣẹ́ ọwọ́. Ìjọba amúnisìn ni ó dá Gaskiya sílẹ̀, òun ni ó sì ń gbọ́ bùkátà rẹ̀. Kò pé ọdún kan tí ogun àgbáyé kejì fi bẹ́ sílẹ̀ ní oṣù September, 1939, ìjọba sì nílò ohùn tí yóò máa bá àwọn ará Àríwá sọ̀rọ̀ ogun náà. Síbẹ̀, àwọn òǹkàwé rí àyè tiwọn nínú rẹ̀: wọ́n ń kọ lẹ́tà, wọ́n sì ń fi ewì ránṣẹ́. Ní 1943, Imam wà lára àwọn oníwèé ìròyìn Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí wọ́n lọ sí ìlú ọba pẹ̀lú Nnamdi Azikiwe. Ní 1945 ni a dá ilé-iṣẹ́ Gaskiya Corporation sílẹ̀ ní Zaria, tí a sì ń tẹ ìwé ní èdè Hausa àti àwọn èdè mìíràn níbẹ̀. Nígbà tí ó yá, àjọ kan tí a ń pè ní NORLA gba iṣẹ́ ìwé èdè ìbílẹ̀ ṣe, ṣùgbọ́n ní 1959 ni ìjọba ti ìlẹ̀kùn rẹ̀, nítorí pé owó tí ń wọlé kò ká èyí tí ń jáde. Ní 1966 ni ìwé ìròyìn New Nigerian bẹ̀rẹ̀ ní Kaduna, Gaskiya Ta Fi Kwabo náà sì bọ́ sí abẹ́ ilé-iṣẹ́ yẹn.

Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá ṣáájú. Ní ọjọ́ kẹta oṣù December, 1859, bí ọdún ti ń parí lọ, ni Henry Townsend tẹ Ìwé Ìròhìn jáde ní Abẹ́òkúta. Ọgọ́fà owó ẹyọ ni wọ́n ń tà á, ṣùgbọ́n àwọn C.M.S. ni ó dúró lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí àárín àwọn Ẹ̀gbá àti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó dàrú, tí a sì lé àwọn òyìnbó ajíhìnrere kúrò nílùú ní 1867, nínú rúkèrúdò tí a ń pè ní Ifọ́lé, ìwé ìròyìn náà bá wọn lọ.

Ní òkè òkun, àwọn tí ń polówó ọjà ni wọ́n gba ẹrù náà rù. Ní Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìwé ìròyìn ojoojúmọ́ kan bẹ̀rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ ní 1984. Metro bẹ̀rẹ̀ ní Stockholm ní 1995, ó sì tàn ká ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Evening Standard ti London, tí wọ́n ti ń tà láti 1827, di ọ̀fẹ́ ní 2009. Nígbà tí àwọn onípolówó yí ojú sí ibòmíràn, Metro ti Sweden kásẹ̀ nílẹ̀ ní 2019.

Kí ni àwọn ìtàn wọ̀nyí kọ́ wa? Ìjọba ni ó san tibí, ìjọ ni ó san tọ̀hún, oníṣòwò ni ó san ìyókù. Nígbà tí ẹni tí ń sanwó sì kúrò, ìwé náà kú. Àwọn ẹ̀dà tí ẹnìkan fi pamọ́ nìkan ni ó kù. Bí kò bá sí ìwọ̀nba tí a fi pamọ́, a kì bá tí mọ ohun tí àwọn ará Abẹ́òkúta ń kà ní 1859, tàbí ohun tí àwọn ará Zaria gbọ́ nípa ogun ní 1939.

Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ wa, nígbà tí ọdún bá parí, ẹ má ṣe jẹ́ kí a gbá àwọn ìwé kéékèèké àdúgbò dà sí ààtàn. Ẹ tò wọ́n ní oṣù dé oṣù, kí ẹ dì wọ́n pọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́ta: Ta ni ó sanwó yín? Kí ni ẹ sọ fún wa ní ọdún yìí? Kí ni ẹ mọ̀ tí ẹ kò sọ, nítorí ẹni tí ó sanwó? Ìdáhùn ìbéèrè kẹta ni ó sábà máa ń jẹ́ ìtàn ọdún náà gan-an. Ìwé ọ̀fẹ́ tí ó bá lè sọ òtítọ́ nípa ẹni tí ó gbọ́ bùkátà rẹ̀ ti níye lórí ju kọ́bọ̀ lọ; èyí tí kò bá sì lè ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ fi òun náà pamọ́, kí àwọn ọmọ wa lè mọ ẹni tí ó ra èké ní ọjọ́ tí òtítọ́ kù tà.