Oògùn Àlòṣẹ́kù: Ibi Tó Yẹ Kó Lọ

Amoxicillin oníyẹ̀fun tí ìyá ọmọ fi omi pò nínú ìgò kì í ju ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì lọ kó tó di ohun àdànù, bí ọdún tí wọ́n tẹ̀ sára ìgò náà bá tilẹ̀ ṣì jìnnà réré. Oògùn ojú tí wọ́n ti ṣí ìdérí rẹ̀ kì í sábà kọjá ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Bí oṣù àti ọdún nìkan bá wà lára páálí, ọjọ́ tó kẹ́yìn oṣù náà ni òpin rẹ̀. Ká tiẹ̀ wá wo inú dúrọ́ọ̀ ilé kan ṣoṣo: ààbọ̀ oògùn ibà (tó yẹ kí wọ́n ti lò tán, ṣùgbọ́n ara yá, wọ́n gbé e jù síbẹ̀), oògùn ikọ́ tó ti ṣí sílẹ̀, àti oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí dókítà ti pààrọ̀.

Oògùn tó kọjá àkókò kì í di májèlé lọ́gán. Agbára ọ̀pọ̀ wọn kàn ń dín kù ni, èyí sì burú tó fún ẹni tí ibà dá dùbúlẹ̀. Tetracycline yàtọ̀ díẹ̀: ní 1963, àwọn dókítà ní Amẹ́ríkà ròyìn àwọn aláìsàn tí kíndìnrín wọn dàrú lẹ́yìn tí wọ́n lo èyí tó ti bàjẹ́.

Ewu tó ga jù wà lójú ọ̀nà láti ilé dé ààtàn. Oògùn tó ṣì ń dán nínú páálí rẹ̀ kì í pẹ́ rí olóhun tuntun. Ọmọdé lè rò pé súìtì ni. Ní ààtàn ńlá Òjòta l'Ékòó, àwọn tó ń ṣa ike àti irin máa ń tú ìdọ̀tí wò dáadáa. Àwọn oníjìbìtì sì wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ wọn ni láti pa ọjọ́ àtijọ́ rẹ́, kí wọ́n tẹ tuntun lé e. NAFDAC, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Nàìjíríà, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1993, ti bá wọn fà á títí. Nígbà tí Dora Akunyili ń darí àjọ náà láti 2001, dídáná sun oògùn ayédèrú àti èyí tó ti kọjá àkókò ní gbangba di ohun tí gbogbo ìlú mọ̀ mọ́ ọn. Ní oṣù Kejì ọdún 2025, wọ́n ti ọjà oògùn Ìdúmọ̀tà, ti Onitsha àti ti Aba pa, ọkọ̀ akẹ́rù rẹpẹtẹ ni wọ́n sì fi kó ẹrù kúrò níbẹ̀.

Kí onílé má tìtorí ìyẹn dáná lẹ́yìnkùlé o. Ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 1999 sọ pé ẹ̀rọ ìsun-ìdọ̀tí gbọ́dọ̀ gbóná tó ìwọ̀n 850 Celsius, ó kéré tán. Iná pàǹtírí kì í gbóná tó bẹ́ẹ̀, èéfín ike àti oògùn ló sì máa ń dà sórí aládùúgbò.

Ṣalángá àti ojú gọ́tà kò sàn jù ú, pàápàá níbi tí kànga kò ti jìnnà sí sọkawéè. Ohun tí oògùn lè ṣe nínú omi ti hàn ní Kánádà: láàárín 2001 sí 2003, àwọn onímọ̀ da ìwọ̀nba èròjà inú oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí sínú adágún kékeré kan ní Ontario. Akọ ẹja bẹ̀rẹ̀ sí í dà bí abo, irú ẹja wẹ́wẹ́ kan sì fẹ́rẹ̀ẹ́ run tán níbẹ̀.

Ní Ìlú Ọba, kẹ́mísì ni wọ́n ń dá oògùn padà sí, àti èyí tí wọn kò tíì ṣí pàápàá, nítorí òfin kò gbà kí wọ́n tún un fún ẹlòmíràn. Àwọn ọmọ Yorùbá tó ń kó oògùn àlòṣẹ́kù wá fún bàbá àti ìyá wọn nílé láti Lọ́ńdọ̀nù ì bá kọ́kọ́ ro ìyẹn wò. Ní Faransé, ètò Cyclamed ló ń ṣe irú iṣẹ́ yìí láti 1993. Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ọjọ́ ìdáoògùnpadà tirẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án 2010.

Níbi tí kò bá ti sí ibi ìdápadà, ìmọ̀ràn FDA, àjọ tó ń mójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà, wúlò: kí wọ́n tú oògùn kúrò nínú páálí àti ìgò rẹ̀, kí wọ́n pò ó mọ́ ohun tí ọkàn kò ní fà sí, bí erùpẹ̀ tàbí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kọfí, kí wọ́n dì í sínú ọ̀rá, kí wọ́n tó jù ú sínú ìdọ̀tí. Àjọ náà ní kí wọ́n má ṣe lọ̀ ọ́. Erùpẹ̀ àti eérú pọ̀ nílé Yorùbá. Èèrí ògì kò dára fún un, ewúrẹ́ á jẹ ẹ́. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n fi bíró pa orúkọ aláìsàn rẹ́, kí wọ́n sì ya páálí wẹ́lẹwẹ̀lẹ kó má bàa wúlò fún àwọn tó ń ṣe ayédèrú. Oògùn líle bíi fentanyl, èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara, ni FDA yọ sọ́tọ̀: bí ibi ìdápadà kò bá sí nítòsí, kí wọ́n ṣẹ́ ẹ po, kí wọ́n fi omi ṣàn án lọ nínú ilé ìgbẹ́, nítorí èyí tó ṣẹ́kù lára rẹ̀ lè pa ọmọdé.

Abẹ́rẹ́ insulin kò gbọ́dọ̀ wà lásán nínú ọ̀rá. Ike ọṣẹ olómi tó nípọn, tó ní ìdérí, ló yẹ ẹ́, torí abẹ́rẹ́ máa ń gún àwọn tó ń kó ìdọ̀tí. Ní ti agolo tí oníkọ́ fée ń fín sẹ́nu, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ lu ú tàbí jù ú síná, bó bá tilẹ̀ ti tán: afẹ́fẹ́ tí wọ́n fún mọ́ inú rẹ̀ lè bú gbàmù. Àwọn kẹ́mísì Ìlú Ọba ń gba òun náà padà.