Ẹ̀bù tí Àwọn Baba Wa Gé

Bí wọ́n bá ń sọ ìtàn Òǹdó àti Àkúrẹ́, kòkó ni wọ́n máa ń gbé síwájú: òun ló kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, òun ló rán ọmọ nílé ìwé. Èmi ọmọ àgbẹ̀ Òǹdó kò jiyàn. Ṣùgbọ́n iṣu ti wà kí kòkó tó dé. Ìtàn wa ní Pupupu tó tẹ Òǹdó dó àti àwọn èèyàn rẹ̀ ń gún ẹ̀dó, ọ̀pá iṣu, mọ́lẹ̀ bí wọ́n ṣe ń bọ̀. Ibi tí ẹ̀dó kò ti wọlé ni wọ́n tẹ̀dó sí. Nígbà tí kòkó náà dé, àárín iṣu, kókò àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n gbìn ín sí, kí ẹnu má bàa dilẹ̀ títí yóò fi so.

Bàbá mi kì í jẹ́ kí ọmọdé mú ọ̀bẹ lọ́jọ́ tí a bá ń gé ẹ̀bù, ègé iṣu tí à ń gbìn. Yóò gé orí iṣu sọ́tọ̀, nítorí orí ló ń tètè hù. Lẹ́yìn náà ni yóò dá àárín àti ìdí, kí èèpo wà lára ẹ̀bù kọ̀ọ̀kan, torí abẹ́ èèpo ni ọmọ iṣu ti ń yọ. Á fi eérú pa ojú ibi tó gé, á sá a síbòji kó gbẹ. "Ẹni tó jẹ ẹ̀bù, ọdún tó ń bọ̀ ló jẹ," bó ṣe máa ń wí nìyẹn.

Àgbàdo ní baba, ó ní ìyá. Iṣu tí a fi ẹ̀bù gbìn kò rí bẹ́ẹ̀. Ara iṣu àtijọ́ gan-an ni. Ẹ̀fùrù, irú iṣu tí à ń gún níyán lónìí, láti ọwọ́ dé ọwọ́ ló ti ń bọ̀, láti ọ̀dọ̀ àgbẹ̀ tí a kò mọ orúkọ rẹ̀. Àrùn tó ń mú ewé iṣu ní àbàwọ́n náà sì ń bá ẹ̀bù bọ̀.

Ẹ̀bù tún ń jẹ àká run: nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ìkórè ni àgbẹ̀ ń yọ sílẹ̀ fún un. Ìdí nìyẹn tí àwọn onímọ̀ ilé ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn ní Umudike àti ní IITA Ìbàdàn fi ń kọ́ àgbẹ̀, láti nǹkan bí ọdún 1980 sókè, pé kí wọ́n gé iṣu kéékèèké, bíi gíráàmù 25, kí wọ́n fi oògùn pa á, kí wọ́n sì kó o sínú lẹ́búlẹ́bú pákó títí yóò fi hù. Ọdún àkọ́kọ́, iṣu kékeré ni yóò ta, fún gbígbìn nìkan. Iṣu ńlá á wá ṣẹ́ kù fún odó.