Iyọ̀ Àpọ̀jù Ń Ba Iṣẹ́ Òògùn Ẹ̀jẹ̀ Ríru Jẹ́

Ní Gberefu, ilẹ̀ tóóró tó wà láàrin ọ̀sà Àgbádárìgì àti òkun Àtìláńtíìkì, níbi tí ọ̀nà Àrèmabọ̀ tí wọ́n gbà kó àwọn ẹrú lọ sétí òkun láyé àtijọ́ wà, ẹja àti àgbọn kì í wọ́n. Ohun méjèèjì yìí kan ẹni tó bá ń lo òògùn ẹ̀jẹ̀ ríru gbọ̀ngbọ̀n. Iyọ̀ tí wọ́n bá fi pa ẹja mọ́ lè sọ òògùn náà di aláìlágbára, omi àgbọn sì ní èròjà kan tí kò yẹ kó pọ̀ jù lára ẹni tó ń lo àwọn òògùn kan.

Ọ̀pọ̀ ló gbà pé ẹni tó bá ti lo òògùn rẹ̀ láàárọ̀ lè jẹ iyọ̀ bó ṣe wù ú. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà fara hàn títí yóò fi di rọpárọsẹ̀ tàbí àìsàn ọkàn.

Sódíọ̀mù ni èròjà inú iyọ̀ tó ń dá wàhálà sílẹ̀, nítorí pé ó máa ń fa omi mọ́ra. Bó bá pọ̀ ju èyí tí kíndìnrín lè tètè dà nù pẹ̀lú ìtọ̀, omi yóò pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ti ògiri iṣan yóò sì le sí i. Ọkàn tó ń fi tipátipá tú ẹ̀jẹ̀ jáde lójoojúmọ́ yóò máa nípọn. Bó bá pẹ́, àárẹ̀ yóò mú un, ẹsẹ̀ yóò máa wú, èémí kò sì ní í já gaara mọ́.

Àwọn òògùn tó ń mú kí ènìyàn máa tọ̀, bíi Moduretic, ń lé iyọ̀ àti omi jáde. Ẹni tó ń lò wọ́n tó sì ń jẹ iyọ̀ lájẹjù dà bí ẹni tó ń gbọ́n omi inú ọkọ̀ tó ń jò láìdí ihò rẹ̀. Lisinopril àti losartan ní tiwọn ń dènà iṣẹ́ hòmóònù kan tó ń fún iṣan ẹ̀jẹ̀ pọ̀. Bí iyọ̀ bá pọ̀ lára, ara fúnra rẹ̀ á ti dín hòmóònù náà kù, òògùn náà kò sì ní rí iṣẹ́ púpọ̀ ṣe. Bẹ́ẹ̀ ni ara ọ̀pọ̀ aláwọ̀ dúdú rí tẹ́lẹ̀. Amlodipine, tó ń dẹ iṣan, kì í sábà pàdánù agbára tó bẹ́ẹ̀.

Ìwádìí CREOLE, tí Dókítà Dike Ojji ti Yunifásítì Àbújá ṣáájú rẹ̀, tó jáde lọ́dún 2019, kan aláìsàn 728 ní orílẹ̀-èdè 6 nílẹ̀ Áfíríkà, Nàìjíríà sì wà lára wọn. Ó fi hàn pé òògùn méjì tí amlodipine wà lára wọn ń mú ìfúnpá wálẹ̀ ju perindopril, tó jẹ́ ìbátan lisinopril, àti òògùn tó ń múni tọ̀ lọ.

Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) ní kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lóòjọ́ má ṣe tó gíráàmù 5, ìyẹn ìwọ̀n tí kò kún ṣíbí tíì kan. Kì í ṣe èyí tí a bù sí ọbẹ̀ nìkan: mágì, àjínomótò, búrẹ́dì, oúnjẹ inú agolo àti ẹja oníyọ̀, gbogbo wọn ló ní sódíọ̀mù.

Ní ilẹ̀ Ṣáínà, ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2021 kan nǹkan bí ènìyàn 21,000 ní abúlé 600. Àwọn kan lo iyọ̀ tí wọ́n fi pòtáṣíọ̀mù rọ́pò apá kan sódíọ̀mù rẹ̀, rọpárọsẹ̀ sì fi ìdá 14 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù láàrin wọn. Ṣùgbọ́n irú iyọ̀ yìí kò yẹ gbogbo ènìyàn. Lisinopril, losartan, spironolactone àti Moduretic máa ń mú kí pòtáṣíọ̀mù ṣẹ́ kù sára. Bí kíndìnrín ẹni tó ń lò wọ́n kò bá ṣiṣẹ́ dáadáa, tó tún ń lo iyọ̀ yìí, tàbí tó ń mu omi àgbọn, tó kún fún pòtáṣíọ̀mù, lámujù, ọkàn rẹ̀ lè máa lù ségesège, ó sì lè dáṣẹ́ sílẹ̀.

Kí ni ṣíṣe? Kí a máa dín iyọ̀ kù díẹ̀díẹ̀; láàrin ọ̀sẹ̀ mélòó kan, yóò mọ́ ahọ́n lára. Ata, àlùbọ́sà, atalẹ̀ àti ẹfinrin lè mú ọbẹ̀ ta sánsán. Kí a rẹ ẹja oníyọ̀ sínú omi, kí a da omi náà nù kí a tó sè é. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe dá òògùn dúró fúnra rẹ̀ nítorí pé ó ti dín iyọ̀ kù. Bí òòyì bá ń kọ́ ọ, dókítà ni yóò wọn ìfúnpá rẹ̀, tí yóò sì pinnu bóyá kí òògùn dín kù. Kí aláìsàn sì sọ fún dókítà bí ó ṣe ń jẹ iyọ̀ àti bí ó ṣe ń mu omi àgbọn, kí ó tó kọ òògùn fún un.