Ère, Ewì àti Ọ̀dọ́ ní Agbègbè Obbo-Ilé

Ní ilẹ̀ Èkìtì tí ó bọ́ sí Ìpínlẹ̀ Kwara, níbi tí Obbo-Ilé àti Òsì wà, ère kì í ṣe ohun tí a ń dákẹ́ wò. Bí a bá gbé Epa, tí àwọn ará Òpin ń pè ní Ẹlẹ́fọ̀n, jáde lọ́jọ́ ọdún, tòun ti orin rẹ̀ ni. Igi kan ṣoṣo ni agbẹ́gilére fi ń gbẹ́ ẹ: ìsàlẹ̀ rẹ̀ rí bí ìkòkò tí ó ní ojú àti ẹnu, òkè rẹ̀ sì lè jẹ́ jagunjagun lórí ẹṣin tàbí abiyamọ tí ọmọ yí ká. Òmíràn wúwo ju kílò 20 lọ. Síbẹ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó rù ú gbọ́dọ̀ fò sórí òkìtì láìṣubú, nítorí àmì rere ni fún ìlú. Àwọn ọmọ tí kò tí ì tó rù ú ń gbe orin. Ojú wọn ń bẹ lára ère, ọ̀rọ̀ ń bẹ lẹ́nu wọn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ ewì kí ẹnikẹ́ni tó fún wọn ní sílétì.

Nínú irú ayé yìí ni Àreògún ará Òsì, tí ó kú ní 1954, gbé dàgbà. Orúkọ tí a mọ̀ ọ́n sí, oríkì ni: ẹni tí ó ti ọwọ́ irin Ògún rówó ná. Ọ̀dọ̀ Bámgbóṣé ni ó ti kọ́ṣẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ Àreògún ni ó sì kọ́ Bándélé, ọmọ rẹ̀, bóyá kí ojú àánú baba má baà ba iṣẹ́ jẹ́.

Nígbà tí ilé ìwé dé, ó mú ọwọ́, ó fi ẹnu sílẹ̀. Láàárín àwọn ọdún 1930, Bámigbóyè ará Odò-Ọwá kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní iṣẹ́ igi ní ilé ìwé ìjọba ní Òmù-Àrán. Láti 1947 títí di 1954, Fadá Kevin Carroll ṣe àbójútó ilé iṣẹ́ ọnà ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì. Bándélé ń kọ́ni níbẹ̀, lábẹ́ rẹ̀ ni Lámidì Fákẹ́yẹ sì ti kọ́ṣẹ́. Iṣẹ́ ńlá ni, a kò gbọdọ̀ fojú tín-ín-rín rẹ̀. Ewì ní tirẹ̀ gba ọ̀nà ìwé: Dénrelé Ọbasá ti tẹ Ìwé Kìíní Ti Àwọn Akéwì jáde ní 1927, akẹ́kọ̀ọ́ sì ń kọ́ ewì sórí láìsí ère níwájú rẹ̀.

Ní 2022, Ilé Ọnà Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà kó iṣẹ́ Bámigbóyè jọ fún àfihàn kan tí ó wọ ọdún 2023. Orúkọ agbẹ́gilére wà níbẹ̀, ó sì dára, nítorí ọ̀pọ̀ ère Yorùbá ni ó wà lókè òkun láìsí orúkọ ẹni tí ó gbẹ́ ẹ. Àmọ́ ère dúró sójú kan. Kò sí ọ̀dọ́mọkùnrin lábẹ́ rẹ̀, kò sì sí ọmọ tí ń gbe orin.

Bí olùkọ́ bá gbé àwòrán irú ère bẹ́ẹ̀ síwájú ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní Obbo-Ilé, tí ó ní kí ó kọ ewì, ọmọ náà yóò kọ́kọ́ wí pé igi ni, pé ó ga, pé ó lẹ́wà. Àpèjúwe nìyẹn. Oríkì a máa pe ẹni tí ó wà níwájú. Ó lè wí “ìwọ”, kì í ṣe “òun” nìkan. Ó ń fẹ́ mọ ọmọ ta ni, ta ni ó bí, ogun wo ni ó ti bọ̀. Ẹni tí ó lè dáhùn ni ìyá àgbà tí ó gbe orin náà ní kékeré, ọmọ náà yóò sì ní láti rìn dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kí ó tó mú gègé.