Ìlàjà Láàárín Tọkọtaya Nígbà Tí Lílù Bá Wọ̀ Ọ́: Ẹ̀kọ́ Láti Ìlú Ẹdẹ

Bí ìjà bá ṣẹlẹ̀ nínú ilé Mùsùlùmí nílẹ̀ Yorùbá, ẹbí la kọ́kọ́ ń ké sí, lẹ́yìn náà àlùfáà tó so yìgì. Ìlànà yìí ní ìdí nínú Àlùkùráánì. Ṣùgbọ́n ìlàjà lórí èdèkòyédè yàtọ̀ sí ìlàjà níbi tí ọwọ́ lílù ti wọ̀ ọ́. Ó yẹ kí ẹbí mọ ìyàtọ̀ náà, nítorí ẹ̀mí lè bá àṣìṣe ibẹ̀ lọ.

Kóòtù Ṣẹ́ríà ní Ẹdẹ

Tìmì Àbíbù Lágúnjú, tó jọba ní Ẹdẹ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, wà lára àwọn ọba Mùsùlùmí àkọ́kọ́ nílẹ̀ Yorùbá. Nígbà ayé rẹ̀ ni wọ́n ti ń fi Ṣẹ́ríà dájọ́ nílùú náà. Alukáálí Sindiku ló ń gbọ́ ẹjọ́ nílé rẹ̀ ní Agbẹni. Ní Ìwó tó wà nítòsí, Ọba Mọ́mọ́dù Lámúyẹ̀, tó wàjà lọ́dún 1906, náà fi ọwọ́ sí ìdájọ́ Ṣẹ́ríà.

Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé kóòtù ìbílẹ̀ kalẹ̀, òfin rẹ̀ sì múlẹ̀ lọ́dún 1914. Láti ìgbà náà, ẹjọ́ ìgbéyàwó Mùsùlùmí ń lọ sí kóòtù ìbílẹ̀. Òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999, abala 275, gba ìpínlẹ̀ tó bá fẹ́ láàyè láti dá kóòtù kòtẹ́milọ́rùn Ṣẹ́ríà sílẹ̀, ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kò ní. Ní Ìbàdàn, àwọn Mùsùlùmí dá ìgbìmọ̀ Ṣẹ́ríà aládàáni sílẹ̀ lọ́dún 2002. Ẹni tó bá fi ìfẹ́ inú rẹ̀ wá ni irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ lè dájọ́ fún. Kò ní ọlọ́pàá tó lè mú ẹni tó kọ̀.

Owó lọ́wọ́ obìnrin

Rélùwéè dé Ìbàdàn lọ́dún 1901, ó sì dé Òṣogbo lọ́dún 1907, Ẹdẹ wà lójú ọ̀nà rẹ̀. Ọjà gbòòrò sí i, ọ̀pọ̀ obìnrin sì ń rí owó tara wọn. Láyé kóòtù ìbílẹ̀, obìnrin tó bá lè dá owó orí rẹ̀ padà lè gba ìkọ̀sílẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá, àwọn àgbà ráhùn pé kóòtù ti sọ ìkọ̀sílẹ̀ di ohun tó rọrùn jù. Ohun tí ìtàn yìí fi hàn ni pé obìnrin tó ní ìsọ̀ lọ́jà rí ọ̀nà àbáyọ, ẹni tí kò ní kọ́bọ̀ ń fara da ìyà. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣì rí lónìí. Ìlàjà tí kò bá béèrè owó oúnjẹ, ilé gbígbé àti owó iléèwé ọmọ kò tíì bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí ẹ̀sìn sọ

Nínú Súrátù Nísáì, ẹsẹ̀ 35, Ọlọ́hun pàṣẹ pé kí a yan onídàájọ́ kan láti inú ẹbí ọkọ, kan láti inú ẹbí ìyàwó. Nínú Súrátù Bákárà, ẹsẹ̀ 231, Ó kọ̀ ọ́ fún ọkọ láti di ìyàwó mú kí ó lè máa ni ín lára.

Àwọn kan máa ń fi ẹsẹ̀ 34 nínú Súrátù Nísáì gbe ara wọn lẹ́yìn. Àwọn onímọ̀ fi ààlà sí i: kò gbọdọ̀ dá ọgbẹ́, kò sì gbọdọ̀ kan ojú. Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kò fi ọwọ́ rẹ̀ lu obìnrin kankan, gẹ́gẹ́ bí Àíṣà ti sọ. Nígbà tí Fátímà ọmọ Káísì gba ìmọ̀ràn lọ́dọ̀ rẹ̀ lórí àwọn tó fẹ́ fẹ́ ẹ, ó kìlọ̀ fún un nípa ọkùnrin kan tí kì í sọ ọ̀pá kalẹ̀ léjìká. Hádíìsì Abú Dáúdà tún sọ nípa Hábíbà ọmọ Sáhílì, ẹni tí ọkọ rẹ̀ lù títí ó fi ṣe é léṣe. Ó mú ẹjọ́ tọ Ànábì lọ ní òwúrọ̀, Ànábì sì ní kí ọkọ gba ohun tó fún un padà, kí wọ́n sì pínyà. Kò ní kó padà lọ ṣe sùúrù.

Mázíàbù Málíkì, tí àwa níhà ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà ń tẹ̀lé, gbà pé bí ìnira bá fara hàn, alukáálí lè tú ìgbéyàwó ká, bí ọkọ tilẹ̀ kọ̀. Àwọn onídàájọ́ méjèèjì náà lè ya wọ́n bí àtúnṣe kò bá ṣeé ṣe.

Ìmọ̀ràn fún ẹbí àti onílàjà

- Kí ààbò ṣáájú. Ẹ má dá obìnrin padà sílé kí ẹ tó mọ̀ pé ẹ̀mí rẹ̀ wà láìléwu.
- Ẹ gbọ́ ti ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà kò ní sọ òótọ́ lójú ẹni tó ń lù ú.
- Ẹ jẹ́ kó lọ sí ilé ìwòsàn, kó sì tọ́jú ìwé tí dókítà bá kọ.
- Ẹ má fi àdéhùn ẹnu nìkan parí ọ̀rọ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ níwájú ẹlẹ́rìí.
- Owó tí obìnrin fi òwò ara rẹ̀ rí, àti àjọ rẹ̀, tirẹ̀ ni. Bùkátà àwọn ọmọ wà lọ́rùn bàbá wọn, yálà ìgbéyàwó dúró tàbí ó tú.

Ìlàjà kò pa ẹ̀ṣẹ̀ rẹ́ níwájú òfin. Òfin ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ṣe lọ́dún 2015 lòdì sí ìwà ipá dárúkọ lílu ọkọ tàbí aya gẹ́gẹ́ bí ọ̀ràn tó lè gbé ènìyàn dé ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta. Àbújá ni òfin náà ti múlẹ̀ ní tààrà, àwọn ìpínlẹ̀ sì ń ṣe tiwọn. Ìpínlẹ̀ Èkó ti ní òfin lórí ìwà ipá inú ilé láti ọdún 2007.

Sùúrù dára, Ọlọ́hun sì fẹ́ràn onísùúrù. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí ẹbí máa fi sùúrù bo ẹ̀jẹ̀ mọ́lẹ̀. Ọlọ́hun ní kí a dúró pẹ̀lú dáadáa, tàbí kí a pínyà pẹ̀lú dáadáa. Nínú méjèèjì, kò sí ibi tí a ti fi lílù sí. Kí Ọlọ́hun fi àlàáfíà sínú ilé wa. Àmín.