Ta Ló Ni Oorun Ẹ̀rọ?

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, bí ẹ bá ti gbé ilé ayálégbé púpọ̀ rí ní Ilé-Ifẹ̀, ẹ mọ ìjà mítà. Ilé tí mo gbé ní Lágere, yàrá mẹ́wàá, mítà ẹyọ kan. Kálukú lè pa gílóòbù tirẹ̀, àmọ́ onílé nìkan ló ń dé ìdí mítà. Irú ìjà yìí ṣẹlẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà.

Ní 1967 ni CP-40 ti IBM ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́: ẹ̀rọ ńlá kan ń ṣe bí ẹ̀rọ púpọ̀. Ètò tó ń pín ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní hypervisor. Ẹ jẹ́ ká pè é ní onílé. Linux tàbí Windows orí rẹ̀, ayálégbé ni. Ẹ̀rọ ìgbà náà kì í lo bátìrì, ìjà ò tíì dé.

Nígbà tó di 1996, Intel, Microsoft àti Toshiba gbé ìlànà ACPI jáde. ACPI fi oorun ẹ̀rọ lé Linux àti Windows lọ́wọ́: àwọn ni yóò ka ìwé tí wọ́n kọ sínú ẹ̀rọ, kí wọ́n mọ bí processor ṣe lè sùn tó. Ó dára bẹ́ẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí kò sí onílé.

Xen wá jáde láti Yunifásítì Cambridge ní 2003. Onílé ni Xen, ọwọ́ rẹ̀ ni processor wà, ṣùgbọ́n kò lè ka gbogbo ìwé ACPI. Ayálégbé àgbà tí wọ́n ń pè ní dom0, tó sábà máa ń jẹ́ Linux, ló lè kà á. Ẹ ò rí nǹkan! Ẹni tó mọ̀wé ò ní kọ́kọ́rọ́, ẹni tó ni kọ́kọ́rọ́ ò mọ̀wé. Àfi kí dom0 kà á, kó sì jíṣẹ́ fún Xen.

Linux 3.0, oṣù Keje 2011, lè ṣe dom0, àmọ́ kò tíì mọ iṣẹ́ yìí jẹ́. Ìparí ọdún náà ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà nílùú wa níbí, ń fi Xen ṣe iṣẹ́ àṣekágbá. Wọ́n mú iná lọ. Ẹ̀rọ rẹ̀ gbóná bí ìkòkò àmàlà, kò pẹ́ tí bátìrì fi kú, iṣẹ́ alẹ́ ọjọ́ náà sì bá a lọ. "Bọ̀dá, ó kàn ń tòògbé ni, kò sùn," ló wí fún mi.

Oṣù Karùn-ún 2012 ni xen-acpi-processor tó wọ inú Linux 3.4. Kóòdù kékeré ni, ṣùgbọ́n ohun tí ẹni tó bá ń yẹ̀ ẹ́ wò gbọ́dọ̀ ṣọ́ kò kéré. Ká ní processor 8 ló wà, tí onílé sì fi 2 han dom0: bí dom0 bá jíṣẹ́ lórí 2 tó rí nìkan, 6 yòókù ò ní rí oorun gidi sùn. Nítorí náà ni kóòdù yìí fi ń wo nọ́ńbà tí ACPI fún processor kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe èyí tí dom0 fojú rí.

Ọmọ náà tún iṣẹ́ rẹ̀ ṣe, ó sì yege. Jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ló fi parí ẹ̀. Èmi ni mo ra epo.