Magdi Yacoub: Oníṣẹ́ Abẹ Ọkàn Tí Ó Ṣiṣẹ́ Nílẹ̀ Wa

Nígbà tí ìròyìn dé ní oṣù Kejìlá ọdún 1967 pé Christiaan Barnard ti gbé ọkàn òkú sí àyà alààyè ní Cape Town, àlọ́ ni ó jọ létí. Ọjọ́ méjìdínlógún péré ni Louis Washkansky, ẹni tí wọ́n pààrọ̀ ọkàn rẹ̀, lò lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà. Síbẹ̀, ọ̀nà ti là.

Ọ̀kan nínú àwọn tí ó sọ ọ̀nà náà di pópó ni Magdi Yacoub, ọmọ ilẹ̀ Íjíbítì tí wọ́n bí ní ọdún 1935. Ó ṣì kéré nígbà tí àìsàn ọkàn pa àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin ní rèwerèwe. Ikú yẹn ni ó mú un pinnu pé ọkàn ni òun yóò máa tọ́jú. Ó kàwé gboyè ní Cairo ní ọdún 1957, ó sì kọjá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ní oṣù Kejì ọdún 1974, ọdún mẹ́rin lẹ́yìn ogun abẹ́lé, Yacoub wá sí ilé ìwòsàn Fásitì Nàìjíríà ní Enugu. Òun, Fabian Udekwu àti C. H. Anyanwu ni wọ́n jọ ṣe iṣẹ́ abẹ àkọ́kọ́ tí wọ́n ti la ọkàn ènìyàn ní Nàìjíríà. Nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ ni í máa gba ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara títí wọn yóò fi parí. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, àgbájọ ọwọ́ náà ni wọ́n sì fi tún àyà ṣe.

Ní ọdún 1980, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pààrọ̀ ọkàn ní Harefield. Derrick Morris, tí ó gba ọkàn tuntun lọ́dún náà, wà láàyè títí di ọdún 2005. Ní ọdún 1995, ó gbé ọkàn mìíràn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Hannah Clark, ọmọ ọdún méjì. Nígbà tí ara ọmọ náà kọ ọkàn àlejò yìí, wọ́n yọ ọ́ ní ọdún 2006: ọkàn tirẹ̀ ti sinmi, ó sì ti sàn. Ọgbọ́n kan náà ni ó fi lo ẹ̀rọ tí ń bá ọkàn gbé ẹ̀jẹ̀. Nínú aláìsàn 15 tí ìwádìí rẹ̀ ti ọdún 2006 dá lé, ọkàn àwọn 11 lágbára débi pé wọ́n yọ ẹ̀rọ náà kúrò.

Ẹ̀yin òǹkàwé, kí ni èyí kan ará Ijapo Estate ní Àkúrẹ́? Bí ọkàn ọmọ rẹ̀ bá ń fẹ́ àtúnṣe, ṣé ilé ni yóò tà láti fi wọ bàálù? Yacoub kò dúró lórí àbẹ̀wò lásán: ní ọdún 2009, ó dá ilé ìwòsàn ọkàn sílẹ̀ ní Aswan, níbi tí aláìsàn kò ti ń san kọ́bọ̀. Láti ọdún 2015 ni Òǹdó, tí kò jìnnà sí Àkúrẹ́, ti ní fásitì ìmọ̀ ìṣègùn tirẹ̀. Àlejò ṣe tirẹ̀ ní Enugu, ó sì lọ. Onílé ni ó kù.